Ta ló sọ̀rọ̀ wa síta? Eré amí tó fẹ́ẹ̀ tú ọ̀rẹ́ ká l'Ọ́jà Ọba

Ẹni tó bá ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 2023 yóò rò pé ọ̀rọ̀ owó ló dìjà, tàbí pé ẹnì kan ti gba obìnrin mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ni. Ìdí ni pé ṣàdéédé ni fọkanáísà dìde, ó fọwọ́ gbá dáìsì méjì tó wà lórí tábìlì dànù, ó ní, "Bí wọ́n ṣe ṣe bàbá mi gan-an nìyẹn!" Ló bá bọ́ síta, ó gba ọ̀nà Màpó lọ, kò wẹ̀yìn. Àwọn mẹ́rin tó kù ń wo ara wọn. Obìnrin tó wà láàárín wọn bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀, eré ni wọ́n ń ṣe o. Kò sówó nílẹ̀, kò sí ọtí, ẹnikẹ́ni ò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí ẹgbẹ́ amí kan ni. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni télọ̀ fi ẹgbẹ́ náà pa mọ́ fún wọn lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Àtàárọ̀ ni inú ẹ̀ ti ń dùn pé òní lòun máa ṣí i, pé ẹ̀rín ni gbogbo wọn máa fi pariwo. Kò mọ̀ pé nǹkan tóun ń pè léré ti wà nínú ilé ẹnì kan láti ọdún 1969.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe eré ọ̀hún

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Ọjà Ọba ló wà, nísàlẹ̀ òkè Màpó, níbi téèyàn ti lè gbójú sókè wo gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kọ́ sórí òkè náà láyé Òyìnbó, tí wọ́n sì ṣí lọ́dún 1929. Máṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú kan àti tábìlì gígùn kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń gé lórí tábìlì náà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, télọ̀ á kó aṣọ kúrò, á mú ṣọ́ọ̀kì, á fi ya ọ̀nà, odò àti odi ìlú sórí ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin á sì jókòó yí i ká. Àwọn mẹ́rin náà ni fọkanáísà kan láti Bẹẹrẹ, rẹwáyà kan, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti obìnrin tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fáwọn télọ̀. Àǹtí Olówùú ni gbogbo wọn ń pè é.

Àbúrò télọ̀ tó ń gbé ní London ló mú eré náà wá nígbà tó wá kí wọn nílé lọ́dún 2021. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tẹ irú ẹ̀ jáde lọ́dún 1974. Àwọn méjì tó ń jẹ́ Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, Dungeons & Dragons ni wọ́n pè é. Kò dà bíi lúdò. Ẹnì kan ló máa ń jẹ́ adarí, òun ló ń ròyìn ibi táwọn tó kù wà àti ohun tójú wọn rí. Oníkálukú àwọn tó kù á mú èèyàn kan tó fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà, á máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe: "Mo fo odi." "Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi lómi." Níbi tí kò bá ti dájú pé ohun tó fẹ́ ṣe máa bọ́ sí i, dáìsì ni wọ́n ń jù. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹnikẹ́ni. Ìtàn náà ni gbogbo wọn jọ ń gbé lọ, ó sì lè gba ọdún méjì kó tó parí.

Télọ̀ ò bá wọn wá dírágónì kankan. Dáìsì lúdò méjì ló fi ń ṣe é, ó sì gbé ìtàn tiẹ̀ wá sí Ìbàdàn gan-an, lọ́dún 1877, láyé Ààrẹ Látóòsà. Ẹni tó bá ka ìtàn mọ̀ pé Ìbàdàn ìgbà náà ti jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú l'Ékìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ wọn. Àjẹ́lẹ̀ yìí ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun náà sì ni ojú àti etí Ìbàdàn nínú ìlú onílùú. Kí Ìbàdàn tó dìlú, Ọ̀yọ́ Ilé náà ti ń lo àwọn ilàrí, àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin tó ń fá apá kan orí wọn, fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Amí tí gbogbo ayé mọ̀ lójú ni irú àwọn wọ̀nyí. Lọ́dún 1878 ni Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ó pa á, àwọn ìlú mìíràn náà dìde sí tiwọn, bí ogun Kírìjì ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà.

Ibi tí télọ̀ ti ráyè wọlé nìyẹn. Ó ní tí Ìbàdàn bá ń fi àjẹ́lẹ̀ ṣọ́ Èkìtì, ta ló wá ń ṣọ́ Ìbàdàn? Àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n kó lẹ́rú kún inú agbo ilé àwọn ìjòyè ogun. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú ọ̀gá, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ náà. Télọ̀ wá hùmọ̀ ẹgbẹ́ kan láàárín wọn tó ń kó ìròyìn ránṣẹ́ sílé. Ẹgbẹ́ yìí kò sí nínú ìwé ìtàn o, inú orí télọ̀ ló ti jáde. Àwọn òṣèré mẹ́rin yẹn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun àti ìránṣẹ́ ìjòyè Ìbàdàn kan nínú eré, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ó wà.

Bó ṣe fi wọ́n pa mọ́

Ó ti kọ́kọ́ kùnà lẹ́ẹ̀kan kí eléyìí tó yọrí. Nígbà àkọ́kọ́, ó fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ tó ń dún wìn-ìn, ó ní wọ́n ń fín àmì sọ́wọ́, ó ní inú igbó ni wọ́n ti ń ṣèpàdé lóru. Ọ̀sẹ̀ kejì ni rẹwáyà tú wọn. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn tó fínwọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé wọn." Ó parí. Àbúrò ẹ̀ sọ fún un lórí fóònù pé kó má da ara ẹ̀ láàmú, pé nínú ọ̀kan lára àwọn ayé tí wọ́n dá fún Dungeons & Dragons, ẹgbẹ́ amí kan wà tó ń jẹ́ Harpers, tó ní báàjì tiwọn, háàpù àti òṣùpá ló wà lára ẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ti lókìkí débi pé àwọn tó ń ṣe eré náà káàkiri ayé ló mọ̀ wọ́n. Awo tó lórúkọ, tó tún ní báàjì, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí?

Télọ̀ yíwọ́ padà. Ó gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, ó gba àmì, ó sì fòpin sí ìpàdé. Ó wá fún oníkálukú wọn níṣẹ́ tójú ń rí lójoojúmọ́. Olórí wọn ń ta ẹ̀lùbọ́ l'Ọ́jà Ọba. Ìgbàkígbà táwọn òṣèré bá fẹ́ rìnrìn àjò, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ ọ̀nà, ó sì máa ń bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń lọ, kóun lè mọ iye tóun máa wọ̀n. Ta ló máa fura sí ẹlẹ́lùbọ́ tó béèrè ìyẹn? Tíṣà tiẹ̀ fẹ́ràn obìnrin náà débi pé ó máa ń bá a ná ọjà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, télọ̀ á máa dáhùn bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́, àwọn tó kù á máa rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ń ná ọjà lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà ò mọ̀ ju ẹni méjì lọ, ẹni tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ àtẹni tó máa sọ ọ́ fún. Nígbà tí rẹwáyà mú atukọ̀ kan lódò Ọ̀ṣun nínú eré, tó fìyà jẹ ẹ́ dáadáa, gbogbo ohun tí ọkùnrin náà lè jẹ́wọ́ ni pé ọmọdékùnrin kan tó ń ru ìkòkò ló máa ń wá bá òun. Wọ́n wá ọmọ náà títí. Ọmọ tó ń ru ìkòkò nílùú Ìbàdàn, mélòó ni wọ́n fẹ́ mú?

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù, ara télọ̀ fúnra ẹ̀ ló wà. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lójú. Tó bá ti ju dáìsì láìsọ ìdí, tàbí tó kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀, wọ́n á ní, "Nǹkan ti wà níbẹ̀ yẹn!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju dáìsì nígbà tí nǹkan kan ò sí, ó ń kọ̀wé nígbà tí kò sóhun tó fẹ́ kọ. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀: agbádá méjì, Ọjọ́bọ̀, bùbá kan, kò tíì san owó. Tó bá sì fẹ́ fún ẹnì kan ní bébà tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí nínú, gbogbo wọn ló máa fún. Àwọn mẹ́ta á ṣí tiwọn, wọ́n á bá a níbẹ̀ pé kí wọ́n má sọ nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa wojú òun. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, wọn ò rí ìyàtọ̀ mọ́.

Síbẹ̀, kò bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó ń jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dé ìlú kan, wọ́n á bá a pé ìròyìn wọn ti ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n á rí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó wọn ẹ̀lùbọ́ fún ọmọ tó ru ìkòkò, tí kò sì gbowó. Télọ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń ta ayò ọlọ́pọ́n náà nìyẹn. Ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, gbogbo ẹ̀ ló wà ní gbangba. Ẹni tó ń kó ọmọ jọ sójú ilé kan, ìṣojú ẹni tí wọ́n jọ ń ta á ló ti ń kó o. Ọjọ́ tó máa fọ́n ọn kiri ọpọ́n nìyẹn ò mọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ́yìn yọ

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni télọ̀ fi í mọ, bóyá ìjà ì bá má dé. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kẹta ló ti pe Àǹtí Olówùú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Alásè àwọn ọmọ ogun ni Àǹtí nínú eré. Télọ̀ ní, "Àǹtí, ọmọ Èkìtì lẹ jẹ́ o. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lẹ̀ ń jíṣẹ́ fún. Ẹ má sọ fẹ́nì kankan." Inú obìnrin náà dùn gan-an. Látìgbà náà, tó bá gbé òwú wá fún télọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, á bá a sọ gbogbo ètò táwọn tó kù ti ṣe.

Fọkanáísà ní tiẹ̀, jagunjagun ló jẹ́. Oṣù mẹ́jọ ló fi tọ́jú jagunjagun náà. Ó fún un lóríkì, ó ra ẹṣin fún un nínú eré, àwọn ọmọ ẹ̀ nílé ti mọ orúkọ ẹṣin náà. Nínú gbogbo wọn, Àǹtí Olówùú ló fọkàn tán jù. Òun nìkan ló sọ fún pé jagunjagun òun fẹ́ gba ẹ̀yìn odi wọ ìlú kan lóru. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ó gba ibẹ̀, ó sì bá ogójì ọkùnrin tó ń dúró dè é. Dáìsì ò gbè é. Jagunjagun kú. Gbogbo wọn ń pariwo pé báwo làwọn èèyàn yẹn ṣe mọ̀? Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí Àǹtí, ó ní, "Ẹ bi í." Ìgbà yẹn ni fọkanáísà gbá dáìsì dànù.

Ó di ọjọ́ kejì kí tíṣà tó ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ẹ̀, nítorí òun ló mọ ilé wọn. Àgbẹ̀ ni bàbá fọkanáísà, lójú ọ̀nà Àkànrán. Lọ́dún 1968, owó orí àtàwọn owó mìíràn tíjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń gbà wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, owó kòkó ò sì gbé e. Wọ́n kó ara wọn jọ, àwọn layé mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ya wọ Màpó, ìbọn dún, ẹ̀mí lọ. Lọ́dún 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgódi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Orúkọ Tafá Adéoyè ló ròkè jù nínú àwọn olórí wọn. Ọdún yẹn náà nìjọba gbà láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ò lè dúró láìfọ̀rọ̀ pa mọ́. Bàbá fọkanáísà wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ láti abúlé sí abúlé. Lóru ọjọ́ kan lọ́dún 1969, wọ́n wá mú un nínú ahéré kan tó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ló mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Oṣù mẹ́rin ló lò látìmọ́lé. Nígbà tó jáde, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹun níta mọ́, kì í sì í sọ ibi tó ń lọ fún ìyàwó ẹ̀ gan-an. Tó bá dá jókòó, ìbéèrè kan ló máa ń ti ẹnu ẹ̀ jáde: "Ta ló sọ?" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló wá síbi òkú ẹ̀. Gbogbo wọn ló sunkún.

Ẹni tó ti dàgbà nílùú yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ amí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lọ́dún 1976, lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed, nìjọba ológun dá àjọ NSO sílẹ̀. Lọ́dún 1986 ni Babangida pín in sí mẹ́ta, SSS sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀. Àwọn tó ń dúró ka ìwé ìròyìn nídìí fẹ́ńdọ̀ láyé Abacha ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó dá sọ́rọ̀ ìjọba. Bí ìwọ àti ẹnì kan bá jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, tó sì jẹ́ pé òun ló ń tà ọ́, ìyẹn kì í tán lára bọ̀rọ̀.

Ohun tí tíṣà rí

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni wọn ò pàdé. Télọ̀ pe àbúrò ẹ̀ ní London, ó ní eré ẹ ti tú wa ká o. Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìjọba Amẹ́ríkà náà ti ṣi eré mú rí." Ó sọ fún un pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1990, àwọn òṣìṣẹ́ Secret Service ya wọ iléeṣẹ́ Steve Jackson Games ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas. Wọ́n ní ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà làwọn ń wá, wọ́n kó kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kó ìwé eré tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre lọ́dún 1993.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì tí àbúrò sọ ló wọ télọ̀ létí jù. Ó ní eré mìíràn wà tó ń jẹ́ Paranoia, ọdún 1984 ló jáde. Nínú eré yẹn, gbogbo òṣèré ló wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn tí kò gbọdọ̀ hàn, gbogbo wọn ló ń ṣọ́ ara wọn, wọ́n ń da ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń túká. Kí ló dé tí ìyẹn ò fi dìjà? Kí wọ́n tó jókòó, gbogbo wọn ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn.

Nígbà tí tíṣà gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ní, "Ohun tí mo ń rò látìjọ́ yìí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pa ààlọ́ fún ẹ, ó kọ́kọ́ máa ké 'Ààlọ́ o!' Ìwọ náà á dáhùn pé 'Ààlọ̀!' O ti gbà nìyẹn pé kó fi nǹkan pa mọ́ fún ẹ. Ìwọ ò ké ààlọ́ fẹ́nì kan. O kàn fi nǹkan pa mọ́ ni. O tún wá mú ẹni tó fọkàn tán, o fi dẹ ẹ́."

Télọ̀ ò lè fèsì. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Àǹtí Olówùú gba Bẹẹrẹ lọ. Wọ́n bá fọkanáísà níbi tó ti ń ki túùbù bọ omi, tó ń wá ibi tó ti jò. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló sọ?" Télọ̀ fẹ́ máa ṣàlàyé pé eré ni, pé òun lòun rán Àǹtí níṣẹ́. Àǹtí ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín àwọn táyà, ó ní, "Èmi ni. Ẹ fọkàn tán mi, mo sì sọ ọ́. Ẹ má bínú."

Fọkanáísà fi túùbù sílẹ̀. Ó wo obìnrin náà fúngbà díẹ̀, ó ní kó dìde. Ó wá ní, "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi dúró kẹ́nì kan wá sọ gbólóhùn yẹn fún un. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ títí tó fi kú." Ló bá ní kí ọmọ iṣẹ́ òun gbé bẹ́ǹṣì wá fún wọn, kó sì ra omi inú ọ̀rá tó tutù.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sídìí tábìlì télọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan dáìsì, oníkálukú sọ ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n fi ṣeré. Fọkanáísà ní kí wọ́n má ṣe mẹ́nu kan ahéré àti ẹni tí wọ́n wá mú lóru. Àǹtí ní kẹ́nikẹ́ni má rán òun níṣẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá àti bùbá. Wọn ò jí jagunjagun dìde. Fọkanáísà ló ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ jẹ́ ẹlòmíràn báyìí: ọmọdékùnrin tó ń ru ìkòkò.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ṣì wà l'Ọ́jà Ọba nínú eré náà. Gbogbo wọn ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, tíṣà ṣì ń bá a ná ọjà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọ̀nà mọ́ níwájú ẹ̀. Télọ̀ sì ti fi nǹkan mìíràn pa mọ́ síbì kan. Wọ́n mọ̀ pé ó fi nǹkan pa mọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, òun ló ń kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o!", àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jọ dáhùn pé "Ààlọ̀!"